Orí ọkọ̀ ojú irin dísẹ́ẹ̀lì tí yóò dúró níta: ká máa tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ lóṣooṣù ni, àbí ká palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kó sinmi?

Ààbò_Irin béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan fẹ́ gba orí ọkọ̀ ojú irin GP9 kan lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì EMD 567C oní-sílíńdà 16 ló wà nínú rẹ̀ (EMD ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é), agbára ẹṣin 1,750. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọ ọgbà. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́ fún un kò tíì parí, nítorí náà ìta ni yóò wà nínú òjò àti oòrùn fún bí ọdún méjì.

Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ká máa tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣooṣù kí ara rẹ̀ má baà gan. Àwọn tó kù ní ká fa omi rẹ̀ gbẹ, ká dí gbogbo ihò rẹ̀, ká má sì tan án mọ́ títí ilé yóò fi parí. A kò tíì pinnu bóyá yóò tún fa ọkọ̀ lọ́jọ́ iwájú tàbí kí àwọn èèyàn kàn máa wò ó. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Bó bá jẹ́ èkejì ni, báwo la ṣe ń ṣe é láìjẹ́ pé a gbàgbé nǹkan kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti bátìrì àti àwọn mọ́tò iná abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà:

Ẹ tan án o. Ẹ́ńjìnì tí kò bá yí, ọ́ìlì á ṣàn kúrò lára béríìnì àti ògiri sílíńdà, irin á wà ní ìhòòhò. Róbà inú pọ́ńpù omi á gbẹ, á sán. Fọ́ọ̀fù bíréèkì á lẹ̀ pọ̀. Bátìrì á kú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣooṣù kò pọ̀ jù fún ohun tó níye lórí tó báyìí.

Ọ̀gá_Písítìn:

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà, ohun tí ẹ sọ nípa róbà àti bátìrì kì í ṣe irọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́.

Bí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan bá jóná, omi tó ń tinú jíjó yẹn jáde tó nǹkan bíi lítà kan. Nínú ẹ́ńjìnì tó gbóná dáadáa, omi náà á bá èéfín jáde lọ. Nínú èyí tó tutù, apá kan á gba ẹ̀gbẹ́ rínngì písítìn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, apá kan á lẹ̀ mọ́ inú páìpù èéfín, á pò mọ́ sọ́fọ̀ tó wà nínú epo, á di ásíìdì. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnì yìí lára lé ní 800 lítà, ọ́ìlì rẹ̀ lé ní 700. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tan án láìfún un ní ẹrù, ọ́ìlì yẹn kò ní í gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń bu omi kún inú rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ wá ń fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ibi fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyọnu mìíràn wà fún irú èyí tí kì í ṣe tọ́bò ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ẹ bá ń jẹ́ kó kàn máa kùn lásán, ọ́ìlì á máa bá afẹ́fẹ́ gòkè, á kó jọ sínú páìpù èéfín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un ní iṣẹ́ gidi, ohun tó kó jọ síbẹ̀ lè gbiná lórí òrùlé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí títàn án fi lè ṣe é láǹfààní ni kí ẹ ní ohun tí yóò gba iná rẹ̀ jẹ (load box), kí ẹ fún un ní ẹrù títí omi rẹ̀ á fi tó 75 sí 80°C, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Bí ẹ kò bá ní èyí, ẹ má tan án. Ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rìn wọlé gan-an, kó tó tutù. Ẹ da ọ́ìlì nígbà tó ṣì gbóná, nítorí ìgbà yẹn ni ìdọ̀tí ṣì léfòó nínú rẹ̀. Bó bá tutù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jókòó sí ìsàlẹ̀ sọ́ńpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì. Kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ wò. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ojú kò bá fi hàn, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí irin gbígbóná tó bíi 150°C: bó bá ta pàrà-pàrà, omi wà níbẹ̀. Lórí 567C, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ fura sí ni àwọn róbà kéékèèké tó wà láàárín láínà (ògiri inú sílíńdà) àti orí sílíńdà, àti àwọn róbà ẹnu páìpù tó ń gbé omi wọ láínà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí fílítà padà, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì tó mọ́ lè bo gbogbo ibi, ẹ wá pa á. Ẹ má fi sọ́ńpù sílẹ̀ lófìfo.

Omi ló kàn. Ṣíṣí ẹnu ìdaminù ńlá nìkan kò tó. Omi máa ń sá pamọ́ sínú ara kọ̀mpírẹ́sọ̀, nítorí omi ló ń tu òun náà lára; sínú páìpù tó ń mú yàrá awakọ̀ móoru; sínú ohun tó ń tu ọ́ìlì; àti sí ìsàlẹ̀ pọ́ńpù omi méjèèjì. Ẹ wá gbogbo ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí páìpù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí i, ẹ sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ látòkè títí kò fi ní í tu omi mọ́. Ní ibi tí yìnyín ti ń bọ́, gíláàsì omi kan tó ṣẹ́ kù nínú orí sílíńdà tó láti là á. Bí omi tó jáde bá ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ fura gidigidi: kírómétì ni wọ́n ń fi sínú omi láyé àtijọ́ kó má baà jẹ́ kí irin dípẹtà, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Inú àgbá ni kí ẹ gbè é sí, kí àwọn tó níwèé àṣẹ wá gbé e. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Sílíńdà: ẹ ṣí fọ́ọ̀fù àyẹ̀wò ara sílíńdà mẹ́rìndínlógún náà, ẹ fi ọ̀pá yí ẹ́ńjìnì ní àyípo kan, ẹ fọ́n ọ́ìlì adènà-ìpẹtà sínú kálukú, ẹ tún un yí lẹ́ẹ̀kan kó lè tàn ká, ẹ wá ti àwọn fọ́ọ̀fù náà. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má yí i mọ́. Àwọn kan á wá máa yí i lóṣooṣù "kó má baà le", wọn kò mọ̀ pé rínngì ń nu ọ́ìlì yẹn kúrò lára láínà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí i.

Lẹ́yìn náà, ihò èéfín. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, èyí ni kí ẹ ṣe. Ibi yòówù kí ẹ́ńjìnì dúró sí, àwọn sílíńdà kan á wà tí fọ́ọ̀fù èéfín wọn ṣí sílẹ̀. Òjò tó bá gba ihò òrùlé wọlé, orí písítìn wọ̀nyẹn ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páànù ṣe ìdérí tí etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ yí ihò náà ká, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí ìjì má gbé e. Ọ̀rá tí wọ́n fi okùn so kì í pẹ́ ya. Àwọn ẹnu ìdaminù ti àpótí afẹ́fẹ́ ara ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí wọn sílẹ̀, kí omi tó bá jàjà wọlé lè rí ọ̀nà jáde.

Bí ẹ bá di ihò tàbí ẹ fi àpò agbomi (àpò ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu) sínú ẹ́ńjìnì, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní oókan, ẹ sì fi àmì pupa kọ́ ara bọ́tìnnì ìtanná. Àwọn ẹ́ńjìnì kan ti gbé àpò mì lọ́jọ́ tí wọ́n tún wọn tan.

Wáyà_Bàbà:

Ọ̀gá Písítìn ti sọ ti ẹ́ńjìnì tán. Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná.

Bátìrì: fólítì 64 ni ti GP9, sẹ́ẹ̀lì 32. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀, iná á máa jò díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán, sọ́fétì á wá bo àwọn àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní í gba iná mọ́. Bátìrì tí iná tán nínú rẹ̀ tún máa ń dì nínú òtútù tí èyí tó kún kò ní í dì, á sì bẹ́. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, ẹ máa fún un níná, ẹ sì máa wọn ásíìdì rẹ̀: bíi 1.250 ni kó wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fọ àpótí rẹ̀ pẹ̀lú sódà àti omi. Ásíìdì tó dà síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni yóò jẹ irin ìsàlẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Àwọn mọ́tò iná mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ńlá: kábọ̀nù tó bá jókòó lórí bàbà kọ́mútétọ̀ (ibi tó ń yí, tí kábọ̀nù ti ń gbé iná) fún ọdún méjì nínú ọ̀rinrin á fi àpá sí i, bàbà ibẹ̀ á sì di aláwọ̀ ewé. Ẹ gbé àwọn kábọ̀nù sókè nínú ilé wọn, tàbí kí ẹ fi páálí gbígbẹ sáàárín. Kí ẹ tó ti ìdérí, ẹ wọn bí ìbora wáyà wọn ṣe ń dènà iná tó kó má baà jò sí ara irin, pẹ̀lú megger (ẹ̀rọ tó ń wọn ìdènà iná) fólítì 500, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tó kéré sí megohm 1, ó ti mu omi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má rò pé iná tí ẹ bá fi gba inú rẹ̀ ni yóò gbẹ ẹ́, ńṣe ni yóò jó. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan oní-ẹ̀rọ-kéékèèké, bíi rédíò tàbí kọ̀ǹpútà, kún un láìpẹ́ yìí, ẹ yọ wáyà wọn kí ẹ tó fi megger kàn án, kò níí dá wọn sí.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù iná tó wà lẹ́yìn awakọ̀, ẹ fi ohun amóoru kékeré, 60 sí 100 wáàtì, kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kí ibẹ̀ gbóná. Kó sáà móoru ju ìta lọ díẹ̀ kí ìrì má baà sẹ̀ sórí àwọn ìkànpọ̀ rẹ̀. Wáyà ilé iṣẹ́ ni kí ẹ fi fà á wọlé, pẹ̀lú fíúùsì tirẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ wáyà ara ọkọ̀ náà.

Béríìnì abẹ́: ẹ rí i pé ọ́ìlì wà nínú kòtò àwọn béríìnì tó gbé mọ́tò lé ọ̀pá ẹsẹ̀. Owú ló ń fa ọ́ìlì yẹn sókè, omi sì máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa omi náà jáde kí ẹ tó fi ọ́ìlì kún un. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, ẹ fi orí ọkọ̀ mìíràn fà á síwájú ìdajì àyípo ẹsẹ̀, kí ẹrù má baà jókòó sójú kan náà lórí béríìnì. Bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti tú kí ẹ tó fà á o, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ló ti fi bẹ́ẹ̀ di pẹlẹbẹ lójú kan.

Aṣọ́hun_Àtijọ́:

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin bọ̀dá mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fò, òun sì ló yẹ kó ṣáájú: kí ni wọ́n fẹ́ fi orí ọkọ̀ yìí ṣe?

Ìwé àdéhùn Riga ti 2005, tí àwọn ẹgbẹ́ rélùwéè àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí, gbà pé ọkọ̀ àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí àtúnṣe rẹ̀ má pa ìtàn rẹ̀ rẹ́. Lójú tèmi, bí irú rẹ̀ ṣe wọ́n tó ló yẹ kó pinnu. CNJ 1000 ti 1925, tó wà ní B&O Railroad Museum ní Baltimore, jẹ́ ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ gbogbo ọkọ̀ ojú irin dísẹ́ẹ̀lì tó rí ọjà; kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi yí písítìn rẹ̀ padà nítorí kó lè kùn. Orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì Deltic ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: 22 ni wọ́n kọ́ tà, mẹ́fà ló kù, nítorí náà àwọn kan lè máa sáré kí òmíràn dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. GP9 ní tirẹ̀ lé ní 4,000 tí wọ́n ṣe. Kò sóhun tó burú bí tiyín bá máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀ báyìí, torí ẹni tó fẹ́ kó ṣiṣẹ́ á pààrọ̀ wáyà àti róbà rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kó wà fún wíwò kò gbọ́dọ̀ jù wọ́n nù.

Àwọn ohun olóró: kírómétì ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Ẹ tún wá asbẹ́sítọ́ọ̀sì lára ohun tí wọ́n fi wé páìpù èéfín, lára ògiri yàrá awakọ̀, àti nínú àpótí tó ń pa iná àwọn swíìṣì ńlá. Òjé wà nínú ọ̀dà, ó ṣeé ṣe kó tó ìpele mẹ́wàá. Ẹ má fi ìyẹ̀pẹ̀ onípá fẹ́ ẹ kúrò: yàtọ̀ sí eruku òjé, ìyẹ̀pẹ̀ yẹn á wọ inú mọ́tò àti béríìnì. Kí ẹ tó kun ún lọ́dà tuntun, ẹ há ibi kékeré kan díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn kí gbogbo ìpele hàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì fi ibì kan sílẹ̀ lára rẹ̀ tí ẹ kò ní í fọwọ́ kàn rárá. Láti ibẹ̀ ni ẹni ọ̀la á ti mọ àwọ̀ tó ní nígbà tó jáde nílé iṣẹ́.

Nípa ìbora: ẹ má fi tapólì wé gbogbo ara rẹ̀. Irin tó wúwo máa ń pẹ́ kó tó móoru. Lówùúrọ̀, bí afẹ́fẹ́ olómi bá dé bá ẹ́ńjìnì tí òtútù òru ṣì wà lára rẹ̀, ẹ́ńjìnì náà á làágùn, tapólì kò sì ní í jẹ́ kí òógùn yẹn rí ibi gbà. Etí tapólì á tún máa ha ọ̀dà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Òrùlé páànù lórí òpó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, dára jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá wọ inú ilé níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti kọjá 65, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún méjì di ogún. Ìta ni ọkọ̀ ojú irin Pioneer Zephyr ti 1934 wà ní Museum of Science and Industry ní Chicago láti 1960, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó gbé e wọ gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni ara tirẹ̀. Irin lásán ni ti GP9.

Páànù_àti_Ọ̀dà:

Mo kín Àǹtí Aṣọ́hun lẹ́yìn lórí tapólì. Mo fi kún un: ẹ kó gbogbo iyanrìn inú àpótí iyanrìn rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kìíní. Iyanrìn yẹn á fa omi mu, á gbé e mọ́ irin, àpótí náà á sì jẹrà látinú síta. Ẹ fi wáyà gún gbogbo ihò ìdaminù abẹ́ ilẹ̀kùn àti abẹ́ fèrèsé, ewé àti eruku ló ń dí wọn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà àti orí àwọn fáànù rédíétọ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ọ̀dà, ìtẹ́ ẹyẹ nínú ilé ẹ́ńjìnì sì jẹ́ koríko gbígbẹ tó ń dúró de iná.

Ààbò_Irin:

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun méjì ló kù. Táǹkì epo, ká kún un ni àbí ká fà á gbẹ? Àti pé lẹ́yìn ọdún méjì, tí ìgbìmọ̀ bá ní kó tún ṣiṣẹ́, báwo la ṣe ń jí i?

Ọ̀gá_Písítìn:

Táǹkì: àwọn kan ní kó kún kí afẹ́fẹ́ olómi má rí àyè. Mi ò gbà fún tiyín. Omi á ṣì rí ọ̀nà wọlé, á jókòó sí ìsàlẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á sì máa gbé ibi tí epo àti omi ti pàdé. Ohun dúdú tó ń yọ̀ bí ilá ni wọ́n ń bí, òun ló ń dí fílítà. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n po epo ewébẹ̀ mọ́ tètè bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fà á gbẹ, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ nù ún. Bí yóò bá wọ ilé tí èrò ti ń wò ó, àwọn panápaná náà á béèrè pé kó má sí èéfín epo nínú táǹkì rárá. Àwọn nósù tó ń fọ́n epo, ẹ tì wọ́n wò lọ́jọ́ ìpalẹ̀mọ́: kí ọ̀pá wọn máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń lẹ̀ kò ní í sàn nípa dídúró.

Jíjí i: ẹ kọ́kọ́ mú ìwé tí ẹ kọ, ẹ yọ gbogbo ìdérí àti àpò, ẹ sì kà wọ́n. Ẹ rọ omi sí i, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ẹ wá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí láínà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń kán, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ọ́ìlì ló kàn. EMD fúnra wọn ní ẹ́ńjìnì tó bá ti dúró ju wákàtí 48 lọ gbọ́dọ̀ gba ọ́ìlì látìta kó tó tàn. Ẹ so pọ́ńpù òde mọ́ ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́ ní psi 10 ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bí pọ́ńpù ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí gbogbo fọ́ọ̀fù àyẹ̀wò sílíńdà, ẹ fi ọ̀pá yí ẹ́ńjìnì ní àyípo kan gbáko, kí ẹnì kan máa wò bóyá ọ́ìlì ń jáde ní béríìnì kọ̀ọ̀kan. Bí omi tàbí epo bá tú jáde ní fọ́ọ̀fù kankan, ẹ dúró níbẹ̀. Omi kì í ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi iná yí ẹ́ńjìnì nígbà tí omi wà lórí písítìn, kọ́ńrọ́ọ̀dù á tẹ̀, ó sì lè fọ́ orí sílíńdà. Ẹ da ọ́ìlì lé àwọn fọ́ọ̀fù òkè náà lórí, pọ́ńpù kì í tètè dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tan án, kí ẹnì kan dúró ti ọ̀pá tó ń darí àwọn nósù lára ẹ́ńjìnì, kó sì di í mú. Nósù tó bá lẹ̀ mọ́ ibi tó ṣí lè mú kí ẹ́ńjìnì sá eré àsápajúdé, bọ́tìnnì inú yàrá awakọ̀ kò sì ní í yára tó. Kí ẹlòmíràn máa wo geéjì ọ́ìlì. Bí kò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pa á. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ pa á kúrò níná, ẹ dúró fún wákàtí méjì kí oru ọ́ìlì inú rẹ̀ tutù, torí ìdérí tí ẹ bá ṣí kíákíá lè jẹ́ kí oru náà bú gbàmù, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ fọwọ́ kan béríìnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí ẹ tú wò.

Wáyà_Bàbà:

Kí ẹ sì tún megger náà ṣe lọ́jọ́ yẹn kí ẹ tó fún àwọn mọ́tò níná, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ sọ kábọ̀nù kalẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Ó rọrùn láti gbàgbé.